Jíìpù fóò-wíìlì tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn: ohun tí ojú mi rí

Owó tí mo fi ra jíìpù yìí ò dùn mí tó owó tí mo fi wá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì iwájú. ₦6,800,000 ni mo kà sílẹ̀ fún 4Runner 2005, jíìpù Toyota tó yẹ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ máa fà, èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà níbí, kì í ṣe tòkunbọ̀ o. Mo tún wá ná ₦379,000 lé e kí táyà iwájú tó lè bá ti ẹ̀yìn yí nínú ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ torí ẹrẹ̀ yẹn gan-an ni mo ṣe rà á. Tó bá jẹ́ mọ́tò tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn ni mo fẹ́, ṣebí Síẹ́nà mi ò tíì kú.

Àwa méje la wà nílé, èmi, ìyàwó mi, ọmọ mẹ́rin àti Yèyé mi. Iléṣà là ń gbé, oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà lọ́nà Ìbòdì, tí òjò bá ti rọ̀ ẹ ò lè mú Síẹ́nà débẹ̀, á kàn jókòó sínú ẹrẹ̀ bí ewúrẹ́ tó kọ̀ tí ò rìn mọ́. Àwọn ọmọ náà ti ń dà mí láàmú láti ọdún tó kọjá pé àwọn fẹ́ sùn nínú tẹ́ǹtì, wọ́n rí i lórí fóònù níbì kan. Mo wá ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá mọ́tò tó lè gbé gbogbo wa pẹ̀lú ẹrù, ká lè máa lọ sí oko, Erin-Ìjẹ̀ṣà, Ìkógòsì, ibi tó bá wù wá, ká sùn mọ́jú ká padà.

Highlander ni gbogbo èèyàn ní kí n rà. Ó tura, ó gba èèyàn méje, ẹ̀yà ara ẹ̀ ò wọ́n. Mo lọ wo ọ̀kan n'Ìbàdàn, ẹni tó fẹ́ tà á búra pé fóò-wíìlì ni, àfi ìgbà tí mẹkáníìkì tí mo mú dání dọ̀bálẹ̀ wọ abẹ́ ẹ̀ tó ní ẹ̀gbọ́n ẹ wá wò ó. Kò sí ṣáàfù kankan, ìyẹn irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn, kò sí dífì tó ń pín in fún táyà ẹ̀yìn, òfìfo! Iwájú nìkan ló ń fà á. Ọ̀pọ̀ Highlander tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé ló rí bẹ́ẹ̀, kò sì burú fún ẹni tó ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ṣá kọ́. Wọ́n tún mú mi lọ wo Honda Pilot, ìyẹn máa ń fún ẹ̀yìn lágbára tí iwájú bá ti ń yọ̀, ṣùgbọ́n kò ní 4 Low, ìyẹn jíà tó máa ń rọra fà pẹ̀lú agbára ńlá. Prado, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó ẹ̀.

Bí mo ṣe dé orí 4Runner nìyẹn. Ara ẹ̀ jókòó sórí ṣaásì bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ́ńjìnnì V6 4.0 ni, ó ní 2H, ìyẹn ẹ̀yìn nìkan, ó ní 4H, ìyẹn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní 4L, ìyẹn 4 Low yẹn. Ti Amẹ́ríkà náà ní èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ o, ẹ máa wo ibi tí wọ́n ti ń yí fóò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, tí kò bá sí súwíìṣì níbẹ̀ ẹ máa bá tiyín lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, tèmi ní, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e dìde, àyè tó kù lẹ́yìn ò lè gba ju báàgì ìyàwó mi lọ, orí òrùlé ni ẹrù máa wà.

Yíyẹ ẹ́ńjìnnì wò, ìwé ọkọ̀, orúkọ yíyípadà, ẹ ti mọ gbogbo ìyẹn, kò sí èyí tó fún mi ní wàhálà níbẹ̀. Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé: oṣù kìíní ni mo rà á, nínú ọyẹ́, ilẹ̀ gbẹ táútáú, orí ọ̀dà nìkan la ti wà á. Ọkùnrin tó tà á fún mi l'Óṣogbo yí súwíìṣì yẹn lójú mi, iná kékeré tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó, fóò ti wọlé." Mo rí iná lóòótọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé iná yẹn ń ṣẹ́jú ni, ó ń tàn ó ń kú, ó ń tàn ó ń kú. Tó bá ń ṣẹ́jú, ó túmọ̀ sí pé ó ṣì ń wá ọ̀nà àtiwọlé, àfi tó bá dúró gbọn-in kó tó ti wọlé. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà mí láti dúró wò ó, mo kàn mirí bí ọ̀jọ̀gbọ́n, mo sanwó.

Ìsinmi Àjíǹde, òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀, a kó tẹ́ǹtì, ẹní, gáàsì kékeré, ìkòkò, ó di oko. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí mọ́tò fi rì. Mo yí i sí 4H, mo tẹná mọ́ ọn, ẹ̀yìn ń yí bí ẹ̀rọ ìlọta, iwájú dákẹ́ bíi pé ọ̀rọ̀ ò kàn án. Mo yí i sí 4L, ìyẹn gan-an ò tiẹ̀ dáhùn. Ìyàwó mi yọrí lójú fèrèsé, "Dádì Tóbi, ṣé àwọn méjì iwájú yẹn ń sinmi ni?" Yèyé ò tiẹ̀ bínú, wọ́n kàn wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n ní "Ibi tí Síẹ́nà máa ń há sí gan-an nìyí." Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹrẹ̀ lọ. ₦15,000 ni àwọn ọmọkùnrin abúlé gbà kí wọ́n tó tì wá jáde, a padà sílé, àwọn ọmọ sun tẹ́ǹtì nínú pálọ̀.

Báyìí ni wàhálà gidi ṣe bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní iṣẹ́ réwáyà ni. Réwáyà ní súwíìṣì ló bàjẹ́, ó pààrọ̀ ẹ̀, ₦25,000, iná ṣì ń ṣẹ́jú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní sìkánà, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí mọ́tò ti bàjẹ́, ₦10,000, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn sọ pé wàhálà wà níbi transfer, ìyẹn àpótí jíà kékeré tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn. Mo ní wàhálà wo? Wọ́n ní ẹ̀rọ ò sọ ìyẹn. Mẹkáníìkì mi ní tó bá ti jẹ́ transfer, ká pààrọ̀ ẹ̀ lódidi ló dáa jù. Odidi! Ọkùnrin yìí ò tíì tú nǹkan kan wò o, ó ti mọ iye tó máa ná mi.

Mo fi ₦380,000 ránṣẹ́ sí ẹnì kan l'Ékòó tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní ó ti wà lọ́nà. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló gbàgbé ẹ̀ sí páàkì. Ọ̀sẹ̀ kẹta ó dé, a sọ̀ ọ́, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, kò jọra. Ti 4Runner tó ní ẹ́ńjìnnì V8 ni wọ́n fi ránṣẹ́! Fóò-wíìlì ti V8 kì í sùn, gbogbo ìgbà ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò ní 2H rárá, kò lè wọ inú tèmi. Mo pè é, ó ní ṣé mo sọ fún òun pé V6 ni? Mo ṣí fóònù mi, mo ya ibi tí mo ti kọ V6 sí nígbà mẹ́ta ránṣẹ́ sí i, kò dáhùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó máa dáhùn ó ní òun á gbà á padà ṣùgbọ́n òun á yọ ₦80,000 kúrò. Owó bọ́ọ̀sì ní àlọ àti àbọ̀, ₦24,000, èmi ni mo san án. Gbogbo ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn mọ́tò wà lórí jáàkì lábẹ́ igi máńgòrò ní ọgbà mẹkáníìkì, adìyẹ ti yé sí abẹ́ ẹ̀.

Ẹni tó gbà mí ni bàbá kan ní apá Ìsọ̀kùn tí wọ́n ti ń tún Land Rover ṣe láti ìgbà tí a ò tíì bí mi. Ojú ti mí láti gbé e lọ bá wọn torí ọgbà wọn rí jákujàku, kò sí sìkánà, kò sí nǹkan kan. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni "Nígbà tí ẹ ń wá 4 Low, ṣé ẹ dúró, ṣé ẹ gbé jíà sí N?" Mo ní rárá. Wọ́n ní ìyẹn ò lè wọlé láéláé, mọ́tò gbọ́dọ̀ dúró, jíà wà ní N, kẹ́ ẹ tó yí i. Wọ́n wá sùn sábẹ́ ẹ̀, wọ́n tú nǹkan kékeré kan tí ò tóbi ju ago omi lọ lára transfer, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Actuator ni wọ́n ń pè é. Láyé Land Rover, ọwọ́ ni awakọ̀ fi ń fa irin tó ń gbé fóò wọlé, nínú tiwa yìí, mọ́tò iná kékeré inú actuator yẹn ló ń tì í. Bàbá ṣí i, omi dà jáde, inú ẹ̀ ti dípẹtà pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ò yí fóò yẹn rí láti ọdún gbọọrọ, Èkó tàbí Àbújá ló ti ń wà á, ó kàn fẹ́ kó ga ni.

Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n yọ ìpẹtà ẹ̀, wọ́n kun gírísì, wọ́n dè é padà. 4L wọlé gbọn-in, iná dúró! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ò tíì fà, torí actuator mìíràn tún wà lára dífì iwájú tó máa ń so ṣáàfù pọ̀ mọ́ra, ìyẹn ti jẹrà kọjá fífọ̀. Mo rí tòkunbọ̀ rà ní ₦185,000, lọ́tẹ̀ yìí mo gbé ti tẹ́lẹ̀ dání lọ Èkó fúnra mi, mo fi méjèèjì wé ara wọn kí n tó sanwó. Gbogbo iṣẹ́ bàbá, ₦40,000. Ẹ ṣírò ẹ̀, apá tó pọ̀ nínú ẹ̀ ló jẹ́ owó àìmọ̀.

Èyí tó wá bí mi nínú jù, ìwé mọ́tò tí Toyota kọ fúnra wọn wà nínú àpótí iwájú ẹ̀ látọjọ́ yìí, nínú ọ̀rá, mi ò ṣí i rí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé kí èèyàn máa fi fóò rìn ó kéré tán kìlómítà 16 lóṣooṣù, kí àwọn nǹkan yẹn lè máa rí òróró. Ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi, mo ń sanwó fún sìkánà.

Tí mo bá tún fẹ́ rà lónìí, oṣù kẹfà ni màá lọ rà á, nígbà tí ẹrẹ̀ wà. Màá ní kí ẹni tó ń tà á gbé e wọnú ẹrẹ̀ fúnra ẹ̀, kó yí i sí 4H kí n rí i pé iná dúró, kó tún dúró gbé jíà sí N kó yí i sí 4L. Tó bá ní ilẹ̀ gbẹ, ká lọ sí orí òkúta wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orí ọ̀dà gbígbẹ, ẹ má fi fóò tí wọ́n ti lọ́ọ̀kù yí kọ́nà lórí ọ̀dà, àwọn táyà á máa bá ara wọn jà ni. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ sáìsì kan náà, ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà kankan fi èyí tó yàtọ̀ sí i fún yín. Epo ńkọ́? Táńkì ẹ̀ ń gba lítà 87, lítà kan ń lọ sí ₦900 lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, ẹ ṣe ìṣirò yẹn pẹ̀lú ìyàwó yín kẹ́ ẹ tó rà á, èmi ò ṣe é.

Nínú oṣù kẹjọ a lọ. Olúmirìn l'Érin-Ìjẹ̀ṣà la kọ́kọ́ dé, ìpele méje ni omi yẹn, Yèyé dúró sí àkọ́kọ́, àwọn ọmọ gùn ún dé ibi tí ẹ̀rù fi bà mí. A gba òkè Ẹ̀fọ̀n lọ sí Ìkógòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, Tóbi ki ẹsẹ̀ kan sí ọ̀tún ìkejì sí òsì, ó ní òun ò ní jáde mọ́. Nígbà tá a ń bọ̀ a yà sí oko. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo dé ibi ẹrẹ̀ yẹn, mo dúró, N, 4L, iná dúró gbọn-in, mọ́tò rọra gbé wa gorí ẹ̀ bíi pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Píkọ́ọ̀pù kan tó há síbẹ̀, èmi ni mo fi okùn fà á jáde, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo wo Yèyé nínú dígí, wọ́n ń sùn.

Ti ọkùnrin Òṣogbo yẹn, ẹ má rò pé mo fi í sílẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí o, àwọn bàbá wa ni wọ́n ń pè ní Òṣómàáló. Mo gbé àga lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ nínú oṣù keje, mo jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀, gbogbo ẹni tó bá wá ra mọ́tò ni mò ń kí, mò ń sọ fún wọn kí wọ́n wo iná yẹn dáadáa. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ó ti gbà láti dá ₦150,000 padà, ó san ₦100,000 lójú ẹsẹ̀. Ó ku ₦50,000. Ọjọ́bọ̀ ni mo tún ń gbé àga lọ.