Ọgbẹ́ ti jinná, ìka ò jí: àwọn àṣìṣe tó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Gíláàsì fèrèsé tó fọ́ ló gé e ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n sáré gbé e lọ síbi ìtọ́jú kan, wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọgbẹ́ ti jinná. Àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni kò jí. Òun fúnra rẹ̀ rí nǹkan kan tó yà á lẹ́nu: bó bá ti ń ṣan aṣọ nínú omi títí, awọ àwọn ìka yòókù a hunjọ, ti àwọn mẹ́ta yìí a máa dán gbinrin. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àmì ńlá nìyẹn. Iṣan tó ń jẹ́ kí ìka mọ ooru àti òtútù, òun náà ló ń jẹ́ kí awọ ìka hunjọ nínú omi, òun ló sì ń jẹ́ kó làágùn.

Oṣù mẹ́rin ṣòfò kí a tó mọ̀ pé iṣan náà ti já. Nítorí oṣù mẹ́rin yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹnu wa gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣan là ń pe ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Iṣan là ń pe okùn funfun tó ń fa ìka. Iṣan náà là tún ń pe èyí tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ọwọ́, tí àwọn dókítà ń pè ní nerve. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé “a ti rán iṣan tó já,” ẹ bi wọ́n pé iṣan wo. Kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, kí wọ́n fi òwú kan orí ìka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dijú, kí ẹ sọ èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn. Kí ẹ fi àtàǹpàkò kan ìka tó kéré jù. Kí ẹ ya gbogbo ìka síra. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí wọ́n bá ti gún abẹ́rẹ́ yẹn tán, ó ṣòro láti mọ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi kúrò lára.

Èkejì ni kéèyàn máa sọ pé “yóò jí tó bá yá.” Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló sì ń tan èèyàn jẹ. Iṣan tó kàn fara pa, tí kò já, lè padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Èyí tó já kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1850, Augustus Waller gé iṣan ahọ́n ọ̀pọ̀lọ́, ó sì rí i pé apá tó wà nísàlẹ̀ ibi tó gé máa ń jẹrà. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí iṣan náà gbà kọjá nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì Schwann a sì gbá ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò bí ẹni ń ro ọ̀nà oko. Láti òkè ni ọ̀mùnú tuntun ti máa ń yọ. Ẹni tó bá ti gbin iṣu rí mọ bí orí ìtàkùn iṣu ṣe ń wá igi tí yóò gùn. Bí igi bá wà nítòsí, a gùn ún lọ. Bí kò bá rí igi, a lọ́ mọ́ra rẹ̀ sórí ebè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣan tó já tí wọn kò so pọ̀: a kóra jọ di kókó kékeré tó ń dunni wọra.

Ìrìn rẹ̀ kò yá. Nǹkan bíi mìlímítà 1 ló ń lọ lóòjọ́, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lóṣù. Láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ó lé ní oṣù mẹ́fà. Láti abíyá dé àtẹ́lẹwọ́, ó lè tó ọdún méjì. Bẹ́ẹ̀, ẹran ara tí kò ní iṣan kò ní dúró dè é: tó bá ti tó oṣù 12 sí 18, ẹran náà ti rọ kọjá ohun tó ṣeé jí, kódà kí iṣan dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ọ̀kadà gbá ní Lafẹ́nwá, tí apá wọn wá rọ jọwọrọ láti èjìká, kò gbọdọ̀ jókòó sílé. Dókítà lè ní ká ṣọ́ ọ fún bí oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n dókítà ló ń ṣọ́ ọ, kì í ṣe àdúgbò. Bí kò bá sí àyípadà, iṣẹ́ abẹ wà. Ní ọdún 1994, Christophe Oberlin ní ilẹ̀ Faransé kọ̀wé nípa bó ṣe mú díẹ̀ lára iṣan tó ń lọ sí ọwọ́, tó sì so ó mọ́ ti ẹran tó ń ká ìgbọ̀nwọ́, kí ọ̀nà tí yóò rìn lè kúrú. Bí wọ́n bá kọ ìwé fún yín láti lọ sí ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì, ní Èkó, ẹ má fi ìwé náà pamọ́ sínú àpótí.

Ti fífi àdí gbígbóná wọ́ ọwọ́ tó ti kú, inú mi kì í dùn rárá. Ọwọ́ tí kò mọ ooru kò ní mọ ìgbà tó ń jó. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìfábẹ̀lá kan ìkòkò ẹ̀kọ àdìrẹ tó ń hó, roro tó wú síbẹ̀ ló fi mọ̀. Okùn àti ọparun tí wọ́n fi ń di apá tó kán tún burú ju ìyẹn lọ bó bá ti le jù. Tí ìka bá ń wú, tó ń tutù, tó ń dúdú, tí ìrora sì ń pọ̀ sí i, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa lọ sí ilé ìwòsàn lóru yẹn kan náà. Wákàtí là ń kà níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́.

Abẹ́rẹ́ ìdí náà ńkọ́? Iṣan tó tóbi jù lára gba inú ìdí kọjá. Ọmọ tí wọ́n gún ní kẹ́míìsì nítorí ibà, tó wá ń wọ́ orí ẹsẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe pé ẹnì kan ta á lọ́fà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gún ọmọ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan.

Fítámì B kò lè so iṣan tó já. Àlòjù fítámì B6 tilẹ̀ máa ń ba iṣan jẹ́ fúnra rẹ̀.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ti àwọn tó dáwọ́ ìtọ́jú dúró nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ní àrùn tuntun ti wọlé. Láti ọdún 1915 ni Jules Tinel ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí a bá ń fi ìka kan ojú ọ̀nà iṣan náà kọ́kọ́kọ́, ibi tó bá ti ta gìrìgìrì ni orí ọ̀mùnú tuntun dé. Bí ibẹ̀ bá ń sún sísàlẹ̀ lóṣooṣù, iṣan ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ máa fi ọwọ́ kejì ká àwọn ìka náà, kí ẹ máa nà wọ́n lójoojúmọ́, kí oríkèé má gan kí iṣan tó dé.

Nígbà tí wọ́n ṣíṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi, ojú méjèèjì iṣan náà ti jìnnà síra, kò ṣeé fà pọ̀ mọ́. Wọ́n yọ iṣan kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi dí àlàfo náà, pẹ̀lú òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú díẹ̀ títí di òní nítorí rẹ̀. Ó lé ní oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ó pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú omi àdìrẹ. “Àbúrò, wá wò ó.” Awọ àtàǹpàkò rẹ̀ ti hunjọ.