Kíbọ́ọ̀dù tó ń ṣe ségesège: bí mo ṣe lóṣòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Òkèsà

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni mo parí ìwé ètò ìsìnkú bàbá àgbà kan. Mo tẹ igba ẹ̀dà, mo ká a, mo dì í, àwọn ọmọ olóòkú sì wá kó o lọ. Kò tó wákàtí kan tí àkọ́bí wọn fi padà dé. Kò pariwo. Ó kàn ṣí ojú ewé kejì, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ibí yìí." Ibi tí "Baba wa" yẹ kó wà, "Baaaaaaaba wa" ni mo bá níbẹ̀, bí ìgbà tí àgùntàn bá ń dárò.

Mo ti ka ìwé yẹn látòkè délẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Àtúnṣe kékeré tí wọ́n ní kí n ṣe kẹ́yìn ló kó bá mi. Bébà igba ẹ̀dà mìíràn, yíǹkì igba ẹ̀dà mìíràn, láti inú àpò mi. Láti ayé tápúráítà ni mo ti ń tẹ̀wé ní Iléṣà yìí, mo mọ ìgbà tí ìka mi bá ṣì í. Èyí kì í ṣe ìka mi; kíbọ́ọ̀dù mi tí kò ní wáyà ni.

Kíbọ́ọ̀dù tí kò ní wáyà, iṣẹ́ méjì ló ń rán lórí lẹ́tà kan. Bí ẹ bá tẹ a, ó ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà pé ìka ti balẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìka kúrò, ó tún ránṣẹ́ pé ìka ti kúrò. Afẹ́fẹ́ ni méjèèjì ń gbà lọ. Bí ti àkọ́kọ́ bá sọnù lọ́nà, lẹ́tà kò ní hàn rárá. Bí ti ìkejì bá sọnù tàbí tó pẹ́, kọ̀ǹpútà á gbà pé ìka yín ṣì wà níbẹ̀, á wá máa to a lọ bí ẹni ń to ìgò. Nítorí náà lẹ́tà tó ń fò, lẹ́tà tó ń di púpọ̀, àti ọfà máòsì tó ń dúró gbagidi tó tún ń já lọ síbòmíràn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ohun tó ń tánni ní sùúrù ni pé kì í ṣe é nígbà gbogbo. Ẹ ó pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, yóò dé, kíbọ́ọ̀dù á máa ṣiṣẹ́ bí ọmọ gidi. Yóò gba owó ọkọ̀ rẹ̀, yóò lọ. Kò ní tíì dé títì tí nǹkan yín á tún fi bẹ̀rẹ̀. Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi, aṣọ ló ń tà láwìn kiri àwọn ìlú. Bí ọjọ́ owó bá pé, kì í jà, kì í bú èèyàn. Ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni yóò lọ lóṣòó sí, yóò máa wò ó títí owó á fi jáde. Mo ní ọ̀nà tí èmi náà máa gbà nìyẹn. Mo mú ìwé kékeré kan, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Ìgbàkígbà tó bá ti ṣe é, mo kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: aago tó lù; iná NEPA wà tàbí kò sí; ṣé kíbọ́ọ̀dù nìkan ni, àbí òun pẹ̀lú máòsì; kí ló wà ní ojú USB lásìkò náà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ ọ́ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹni tó pààrọ̀ bátìrì, tó gbé kọ̀ǹpútà sípò mìíràn, tó tún pa Wi-Fi lọ́jọ́ kan náà, bó bá tilẹ̀ dáa, kò ní mọ èwo ló wò ó sàn. Bó bá tún dé, ọjọ́ kìíní ló padà sí.

Nínú nǹkan mẹ́rin yẹn, ìkẹta ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì tí wọ́n tà pọ̀ nínú páálí kan sábà máa ń pín rìsífà kan lò, ìyẹn nǹkan kékeré bí èékánná tí à ń kì bọ ojú USB. Ṣùgbọ́n kálukú ló ní bátìrì tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá dákú pọ̀, tí wọ́n tún jí pọ̀, ẹ má tíì náwó sórí bátìrì. Rìsífà, ojú USB, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tàbí ohun tó wà láàárín wọn ni kí ẹ dojú kọ. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló ń kú, ìgbà yẹn ni kí ẹ tú inú rẹ̀ wò. Kí ẹ sì tó fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ fi ìka fa ojú ìfọwọ́fà ara láptọ́ọ̀pù, tàbí kí ẹ kì máòsì oníwáyà kan bọ̀ ọ́. Bí ọfà kò bá rìn síbẹ̀, kọ̀ǹpútà ló dákú, kíbọ́ọ̀dù kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ pé láptọ́ọ̀pù ni mo ń lò. Lẹ́tà E àti N ara rẹ̀ ti yọ láti ọdún tó kọjá, ìdí tí mo fi ra kíbọ́ọ̀dù ìta nìyẹn.

Òkúta, ohun tí àwọn bàbá wa ń pe bátìrì, ni mo kọ́kọ́ fura sí, nítorí àárọ̀ ló máa ń dáa, ọ̀sán ló ń bàjẹ́. Òkúta tó ti ń rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: bó bá sinmi mọ́jú, á jí díẹ̀, bí ẹ bá lò ó fún wákàtí mélòó kan, á tún sùn. Lórí àtẹ ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, oríṣi méjì ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan kọ "heavy duty" sára, èkejì kọ "alkaline". Ti heavy duty pọ́ọ́kú, ó dára fún aago ara ògiri, ṣùgbọ́n alkaline ló ń pẹ́ lára kíbọ́ọ̀dù. Fóòtì 1.5 ni àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n wà ní tuntun. Bí ẹ bá ní mítà tí àwọn oníná fi ń wọn iná, ẹ wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 1.1, ẹ yọ ọ́. Àwọn tí à ń ṣájì, 1.2 ni tiwọn látilẹ̀wá, ẹ má tìtorí ìyẹn jù wọ́n nù. Ẹ má sì fi tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó. Ẹ wo irin ibi tí òkúta fẹnu kò pẹ̀lú: bí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá ti hù síbẹ̀, ẹ fi òwú tó ní spíríìtì nù ún kó gbẹ. Bí irin onísípíríìnì bá ti rọ̀, ẹ fà á díẹ̀.

Mo ṣe gbogbo ìyẹn. Alkaline tuntun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọfà tún dúró.

Mo bá padà sídìí ìwé mi. Ìgbà mọ́kànlá ló ti ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Mẹ́jọ nínú rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn aago méjì ọ̀sán, kíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú máòsì lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ ló sì ní "hard disk" níwájú. Aago méjì ni ọmọ iṣẹ́ mi máa ń kó iṣẹ́ tí a ti ṣe sínú hard disk ìta, kó má bàa sọnù. Ojú USB méjì ló wà lápá ọ̀tún láptọ́ọ̀pù mi, inú wọn búlúù, wọn kò jìnnà síra ju ìbú ìka kan lọ. Hard disk nínú ọ̀kan, rìsífà nínú èkejì.

Ojú USB aláwọ̀ búlúù sábà máa ń jẹ́ USB 3.0, ó yára gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń gbé ẹrù, ariwo kan ń ti ara rẹ̀ jáde tí etí wa kò lè gbọ́, ariwo yẹn sì ń bọ́ sí agbègbè ìgbì rédíò tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz gan-an, níbi tí rìsífà ti ń tẹ́tí sí kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá tèmi; ilé iṣẹ́ Intel gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2012. Ó dà bí ìgbà tí ẹ ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí ẹlòmíràn wá tan jẹnẹrétọ̀ sí i létí. Kò di adití, àwọn ọ̀rọ̀ kan ló kàn ń bọ́ lọ.

Kí n tó ra ohunkóhun, mo ní kí ọmọ náà da fíìmù ńlá kan sínú hard disk. Ọfà máòsì bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹlẹ́ǹgà. Mo ní kó yọ hard disk. Ó dáa. Kó dá a padà. Ó bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kó ṣe é, títí ó fi ní, "Mọ́mì, ó ti yé mi o." Àléébù tí ẹ bá lè pè kó wá nígbà tí ẹ fẹ́, ẹ ti mú un ní apá.

Wáyà ẹsiténṣọ̀n USB tí kò ju mítà kan lọ ló yanjú rẹ̀. Mo kì í bọ ojú USB dúdú tó wà lápá òsì, mo fi rìsífà sí ẹnu rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì níwájú kíbọ́ọ̀dù. Hard disk dúró sáàyè tirẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ̀yin tó ń lo kọ̀ǹpútà ńlá, tí rìsífà yín wà lẹ́yìn àpótí irin rẹ̀, lábẹ́ tábìlì, ẹ ṣe bákan náà. Irin kì í jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ kọjá dáadáa. Omi náà kì í jẹ́. Mo rí ṣọ́ọ̀bù kan tó to píọ̀ wọ́tà báàgì mẹ́ta sí àárín kọ̀ǹpútà àti kíbọ́ọ̀dù, tí ẹni náà ń bú kíbọ́ọ̀dù.

Ó ku ìgbà mẹ́ta nínú ìwé mi. Kò sí hard disk nínú wọn. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé NEPA ti mú iná lọ, tí láptọ́ọ̀pù ń lo bátìrì ara rẹ̀. Ìwà wọn náà sì yàtọ̀: mo dákẹ́ láti ka ohun tí oníbàárà kọ, bí mo bá wá padà sídìí títẹ̀, lẹ́tà méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í hàn, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á máa lọ geere. Èyí kì í ṣe ariwo. Windows ló ń pa ojú USB kó lè ṣọ́ bátìrì jẹ, rìsífà á sùn lọ, àwọn lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń jí i.

Bí ẹ ó ṣe dá a dúró rèé. Ẹ fi bọ́tìnnì apá ọ̀tún ara máòsì tẹ àmì Start, ẹ mú Device Manager. Ẹ ṣí Universal Serial Bus controllers. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí USB Root Hub, ẹ ṣí Properties rẹ̀, ẹ lọ sí Power Management, ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Allow the computer to turn off this device to save power". Ibòmíràn tún wà: Control Panel, Power Options, Change plan settings, Change advanced power settings, ẹ wá USB settings, ẹ sọ USB selective suspend di Disabled lábẹ́ On battery. Lára àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun kan, ìlà kejì yìí kì í sí, ti Device Manager nìkan ni ẹ ó ṣe. Bátìrì láptọ́ọ̀pù á tètè tán díẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Wi-Fi náà wà ní 2.4 GHz. Bí MiFi tàbí fóònù tó ń pín dátà bá dùbúlẹ̀ ti rìsífà, ẹ gbé e jìnnà ní mítà kan ó kéré tán, tàbí kí ẹ sún un sí 5 GHz bó bá ní in. Kíbọ́ọ̀dù Bluetooth kì í sábà ní rìsífà tirẹ̀ lọ́tọ̀, inú kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń wà. Bí tiyín bá jẹ́ Bluetooth, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí kọ̀ǹpútà mọ̀, ẹ tún so wọ́n pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Máòsì tó ń fò lórí tábìlì onídíńgí nìkan, bébà ló ń fẹ́ lábẹ́, kò ṣàìsàn.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ gbé wọn lọ sára kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn fún odindi ọjọ́ kan, pẹ̀lú òkúta tuntun. Bí wọ́n bá tún ṣe é níbẹ̀, ẹ ra òmíràn. Bó bá sì jẹ́ rìsífà ló sọnù, ẹ má tan ara yín: ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni kì í gba rìsífà mìíràn, nítorí ilé iṣẹ́ ti so wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó kó o sínú páálí.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí mo kọ nǹkan kan kẹ́yìn sínú ìwé kékeré yẹn. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù oníwáyà kan wà lábẹ́ tábìlì mi, mo fi láílọ́ọ̀nù bò ó kí eruku má bà á. Ìwé ètò ìsìnkú nìkan ni mo ń gbé e jáde fún.