Ọ́ìlì 90 tí wọ́n rọ sí dífù CR-V mi

₦87,000 ni mo ná kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ́ìlì dífù (àpótí gíà tó ń yí táyà ẹ̀yìn) lásán ni. Wọ́n ní ṣáàfù méjèèjì ti kú, mo pààrọ̀ wọn. Wọ́n ní ó kù bíárìn ẹ̀yìn, mo tún sanwó. Síbẹ̀, tí mo bá ti ṣẹ́ kọ́nà tó há ní ráńdábáọ̀tù Tákíè, n'Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ìdí mọ́tò á máa kùn bí akọ màlúù, á sì máa gbọ̀n. Àwọn ọlọ́kadà á yíjú wò mí. Tíṣà ni mí o, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi náà ń rí mi.

Nígbà tí mo jókòó ro ó dáadáa ni mo rántí pé ọ̀sẹ̀ tí mo ṣe sáfíìsì gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Mo padà lọ bá mẹkáníìkì mi, mo ní, "Ọ̀gá, ọ́ìlì wo lẹ rọ sí dífù?" Inú rẹ̀ dùn, ó gbé ike ọ́ìlì gíà 90 jáde. "Àǹtí Tíṣà, náíntì ni. Gbogbo dífù ló ń mu náíntì."

Kì í ṣe gbogbo dífù. Ìwé tó ti wà nínú píjìnhóòlù láti ọjọ́ tí mo ti ra mọ́tò (CR-V 2004 tòkúnbọ̀, èyí tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ náà ń fà) ló sọ ọ́: Honda Dual Pump Fluid. Páńpù méjì ló wà nínú dífù yẹn. Ṣáàfù tó ń ti iwájú bọ̀ ló ń yí ọ̀kan, táyà ẹ̀yìn ló ń yí èkejì. Tí táyà iwájú bá ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, eré àwọn páńpù náà ò ní dọ́gba mọ́, ọ́ìlì á wá ti àwọn abala kílọ́ọ̀ṣì pọ̀, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Nínú kọ́nà, eré wọn máa ń yàtọ̀ díẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn abala yẹn rọra yọ̀ lára ara wọn. 90 ò jẹ́ kí wọ́n yọ̀. Wọ́n á dì mú, wọ́n á tún jura wọn sílẹ̀, òun ni mo ń gbọ́ tí mo fi ń ra ṣáàfù.

Ibi tí mo ti fẹ́ sunkún ni rírí ọ́ìlì náà rà. Ní Tákíè, ẹni àkọ́kọ́ gbọ́ "páńpù", ó gbé ọ́ìlì síárìn wá. Ẹnì kejì gbé ATF pupa, ọ́ìlì gíà ọ́tò, wá. Ẹnì kẹta bú sẹ́rìn-ín pé nínú Ajílété yìí, òun ò tíì rí ẹni tó béèrè irú ìyẹn rí.

Mo kọjá sí Sábó. Ní ọjọ́ kẹta, ẹnì kan mú ike Honda jáde lóòótọ́, ó ní ₦16,000. Mo ṣí ìdérí rẹ̀, bébà tó yẹ kó dí i lẹ́nu ti ya. Mo fi símú. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ tó máa ń wà lára 90, tí mo ti mọ̀ lára aṣọ mẹkáníìkì mi! Mo dá a padà. Ọ̀gbẹ́ni náà bínú: "Ẹ wo obìnrin tó ń gbóòórùn ọ́ìlì bí ẹni ń ra irú!" Ó dáa bẹ́ẹ̀. Irú gan-an, mi ò ní rà á láì gbóòórùn ẹ̀.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ló bá mi ra ike mẹ́ta ní Aráròmí, ọjà páàtì ọkọ̀ n'Ìbàdàn, ₦14,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi lé dírẹ́bà lọ́wọ́. Èyí tó wà lórí igbá báyìí ni Dual Pump Fluid II, òun ló rọ́pò ti àtijọ́. Mo jókòó sí gáréèjì láti aago méjì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní béèrè ìdí.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ò tó wákàtí kan. Èmi àti àbúrò mi la ṣe é. Nọ́ọ̀tì òkè, ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì sí i, ni kí ẹ kọ́kọ́ tú o! Tí ẹ bá da ọ́ìlì nù tán tí tòkè wá kọ̀ tí ò tú, ọkọ̀ yín ò ní kúrò níbẹ̀. Ihò onígun mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, ẹnu ráṣẹ́ẹ̀tì 3/8 ń wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo rọ ike kan tán, kò dé ẹnu ihò. Dífù ń gba lítà 1, mílílítà 946 ló wà nínú ike! Mo ní láti ṣí èkejì nítorí omi ṣíbí mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni mo lọ wa ọkọ̀ yípo-yípo ní pápá ilé ẹ̀kọ́ wa, mo da ọ́ìlì náà nù, mo tún rọ òmíràn, torí ìyókù 90 ṣì wà nínú ẹ̀. Ìdí tí mo fi ra mẹ́ta nìyẹn, ọpọlọ mi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ti gíà iwájú ò le. ATF Honda tó ń jẹ́ Z1 ni ìwé kọ, DW-1 ló rọ́pò rẹ̀, bíi lítà 3 ló gbà. Mẹkáníìkì ti gbé kẹ́ẹ̀gì ATF rẹ̀ dání, mo ní kó gbé e padà.

Lọ́jọ́ kejì mo yí ráńdábáọ̀tù Tákíè po lẹ́ẹ̀mẹta. Kẹ́kẹ́ pa. Àwọn ṣáàfù àtijọ́ tí ò ṣe nǹkan kan ṣì wà nínú búùtù mi. Mẹkáníìkì ní kí n tà wọ́n fún òun ní ₦5,000. Mi ò tíì dá a lóhùn.