Abẹ́rẹ́ fà mí tẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ẹ̀gì omi tú mi fó

Owó tí mo ti ná lórí abẹ́rẹ́ semaglutide, oògùn tí wọ́n fi ń dín ìsanra kù, ká ní ewúrẹ́ ni mo fi rà, wọn ì bá ti kún àgbàlá wa n'Íbàdàn. Inú mi kọ́kọ́ dùn o. Kílò 9 bọ́ lára mi láàárín oṣù díẹ̀, ṣòkòtò tí mo ti gbàgbé sísàlẹ̀ àpótí gbà mí wọlé. Àfi ọjọ́ tí omi dá, tí mo ní kí n gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyàwó mi wò mí, kò sọ̀rọ̀.

Gígún rẹ̀ kò le, ikùn ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ fíríìjì tí a ń tọ́jú rẹ̀ sí àti iná tí kì í sí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé níbi tí mo ti rà á, ẹnì kan ò sọ fún mi pé ọ̀rá nìkan kọ́ ló ń lọ. Ẹran apá àti ti itan náà ń bá a lọ, pàápàá lára ẹni tí kò jẹun dáadáa, tí kò sì gbé nǹkan tó wúwo. Èmi ń rìn kiri láràárọ̀ ní tèmi, mo ní mo ń ṣeré ìdárayá.

Mo sanwó oṣù mẹ́ta ní jíìmù. Alẹ́ Jímọ̀ ni mo ń gún abẹ́rẹ́, àárọ̀ Sátidé ni mo wá lọ gbé irin, lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oògùn mi láti mílígíráàmù 0.5 sí 1! Orí irin kejì lojú mi ṣú. Garawa tí wọ́n fi ń nulẹ̀ ni mo bì sí. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ wa ní, "Bàbá, ṣé ẹ jẹun ṣá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni, tíì lásán ni mo mu. Sátidé kejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta, ilé ni mo ti ń bì. Owó jíìmù ń jóná, inú ń bí mi sí gbogbo ayé, títí kan alákàrà àdúgbò wa, nítorí òórùn epo rẹ̀.

Dókítà ló dá mi padà sí 0.5. Èmi ni mo fúnra mi kíyè sí i pé ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló ń dà mí láàmú jù, mo bá gbé jíìmù sí Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Mo ń fipá jẹ ẹyin méjì láàárọ̀, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹja lọ́sàn-án, mo sì ń mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ mí. Ká ní mo mọ̀ ni, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé nǹkan, kẹ́ẹ̀gì kékeré méjì nílé pàápàá tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé lítà 25 dókè láìsọ ọ́ kalẹ̀. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó ní kí n lọ gbé èkejì wá.