Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú lílo aago ọwọ́ fún ìwádìí ìlera obìnrin: ẹ yé fi owó ìwádìí ṣòfò ní Ẹ̀pẹ́

Àwọn olùwádìí tuntun tún ti ń kó páálí aago ọwọ́, irú èyí tó ń ka ìlù ọkàn, ìgbóná ara, oorun àti ìgbésẹ̀, dé sí Ẹ̀pẹ́ láti fi ṣèwádìí ìlera obìnrin. Ọkàn mi kì í balẹ̀ tí mo bá rí páálí bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń já sí: aago á wà nínú dúróà, bátìrì rẹ̀ á ti kú, fáìlì kan á sì wà nínú kọ̀ǹpútà tí kò lè dáhùn ìbéèrè kankan nípa obìnrin kankan. Owó gidi ló bá a lọ. Obìnrin tó fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kò gbọ́ nǹkan kan padà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, kíka ohun tí irú aago yìí ń gbà sílẹ̀ nípa nǹkan oṣù, oyún àti oorun àwọn obìnrin, ó sì ti sú mi láti máa wo ìnákúnàá kan náà. Mi ò ní ṣàlàyé bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti dé ibi ríra aago yẹ kó ti mọ ìyẹn.

1. Ẹ má ra aago kí ẹ tó ní ìbéèrè. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí.

2. Ẹ yé ka ọjọ́ 28 fún gbogbo obìnrin. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 wo àyípo nǹkan oṣù tó lé ní 600,000, èyí tí àwọn obìnrin kọ sínú áàpù. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 29.3. Láti ìgbà tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ títí ẹyin fi jáde jẹ́ ọjọ́ 16.9, èyí tó kù sì jẹ́ ọjọ́ 12.4. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí kóòdù tó ń fi ìjáde ẹyin sí ọjọ́ 14 fún gbogbo ènìyàn, mo sì ń rí àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ 21 láti wo progesterone, họ́mọ̀nù tó máa ń pọ̀ lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde. Obìnrin tí àyípo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 35, ní ọjọ́ 21 ẹyin rẹ̀ lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni. Nǹkan bí ọjọ́ 7 kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé ni ẹ̀jẹ̀ yẹn wúlò, ẹ ò sì lè mọ̀ ọ́n láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ara. Bákan náà, ìgbóná ara máa ń fi nǹkan bí 0.3 sí 0.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius gòkè lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde. Ó ń jẹ́rìí sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni. Ẹ má ṣe sọ fún obìnrin tó ń wá ọmọ pé aago máa sọ fún un ṣáájú.

3. Ẹ béèrè nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ẹ sì béèrè nígbà tí kò sí ẹlòmíràn nítòsí. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta máa ń dá ìjáde ẹyin dúró. Àwọn kan mú àwòrán ìgbóná ara wá fún mi, ó tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹyin àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í jáde dáadáa. Mo ní ṣé wọ́n béèrè bóyá àwọn obìnrin náà gba abẹ́rẹ́. Wọ́n ní ìbéèrè yẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù.

4. Àwọ̀ ara. Ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí àsọdùn pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ní ti ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ìṣòro ńlá wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà láti Yunifásítì Michigan fi hàn pé nígbà tí ẹ̀rọ orí ìka bá ka 92 sí 96 nínú 100, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gan-an ń bọ́ sábẹ́ 88 nínú 11.7% ìwọ̀n tí wọ́n ṣe fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6%. Ilé ìwòsàn ni ẹ̀rọ yẹn wà o, lórí ẹni tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi ọ́síjìn tí aago ọwọ́ kà gbé ìpinnu kankan kalẹ̀ lórí aboyún. Ní ti ìlù ọkàn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìwádìí kan láti Yunifásítì Duke ní 2020 kò rí ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín àwọ̀ ara, ṣùgbọ́n ó rí i pé àṣìṣe ń fi 30% pọ̀ sí i tí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ ju ìgbà tó ń sinmi lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ sì ni àwọn obìnrin tí ẹ wá bá ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́.

5. Àlàfo inú dátà. Ibí gan-an ló ń dùn mí jù.

Ẹ lọ sí ọjà ẹja Olúwo ní òwúrọ̀, kí ẹ wo ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń họ ìpẹ́, tó ń la ikùn ẹja, tó ń bọ ọwọ́ sínú omi yìnyín. Ta ló máa fi aago sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ń bọ́ ọ. Wọ́n ń so ó mọ́ etí ìró, wọ́n ń jù ú sínú àpò owó. Omi ẹja tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ máa ń mú kí ara yún wọn. Àwọn Mùsùlùmí sì pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́: tí wọ́n bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, omi gbọ́dọ̀ kan ọrùn ọwọ́, aago á kúrò. Wọ́n lè rántí dá a padà, wọ́n sì lè gbàgbé rẹ̀ síbi agolo omi títí di ìrun Alásàrí.

Kí ni olùwádìí tuntun wá ń ṣe sí wákàtí tí aago kò sí lọ́wọ́? Àwọn kan ń kà á sí òdo. Mo rí ìjábọ̀ kan tó sọ pé àwọn obìnrin ọjà ẹja ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí jókòó sójú kan lójúmọ́, pé ó yẹ kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá. Nígbà tí wọ́n kà á fún àwọn tó ni ọ̀rọ̀, màmá kan dìde dúró. Ó ní, "Èmi ni mo jókòó? Ta ló wá ru ẹja láti etí omi dé ibí fún mi? Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ò rí mi ni?" Kò sí ẹni tó lè fún un lésì. Aago wà nínú àpò owó, màmá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn mìíràn gbọ́n ju ìyẹn lọ, wọ́n ń lo òfin tó gbajúmọ̀: ọjọ́ tí aago kò bá pé wákàtí 10 lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ nù, ẹni tí kò bá ní ọjọ́ 4 tí aago pé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ yọ orúkọ rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ wo àwọn tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá yọ tán. Tíṣà ló kù, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, ọmọbìnrin tó ń ta káàdì fóònù. Ẹlẹ́ja ti lọ, ẹni tó ń yan ẹja nídìí iná ti lọ, abiyamọ tó ń wẹ ọmọ tó ń fọ ìlédìí ti lọ. Ẹ wá kọ "obìnrin Ẹ̀pẹ́" sórí ìwé yín. Èwo nínú wọn?

Àwọn tó sì ń fi ìpíndọ́gba dí àlàfo, àwọn ló léwu jù, nítorí dátà wọn máa ń lẹ́wà lójú. Ohun tó ń mú kí obìnrin bọ́ aago kì í ṣe èèṣì. Ó ń bọ́ ọ nígbà tí iṣẹ́ bá le, nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá, nígbà tí wọ́n bá gbé e lọ bímọ. Àwọn wákàtí tí ẹ wá Ẹ̀pẹ́ torí rẹ̀ gan-an ni aago ò sí níbẹ̀. Ìlù ọkàn nígbà ìsinmi máa ń fi nǹkan bí 2 tàbí 3 ní ìṣẹ́jú kan pọ̀ sí i lẹ́yìn ìjáde ẹyin. Àmì kékeré ni. Òru méjì tí ẹ bá fi àfojúdíwọ̀n kún lè gbé e mì.

Ẹ má sì rò pé kọ̀ǹpútà máa bá yín mọ ìgbà tí aago ò sí lọ́wọ́. Àwọn kan ń wo ìgbóná awọ ara: tó bá ti sọ̀kalẹ̀, wọ́n á ní aago ti kúrò. Ìyẹn dára níbi tí òtútù wà. Ọ̀sán Ẹ̀pẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ máa ń gbóná tó awọ ọrùn ọwọ́. Àwọn kan ń wo bóyá aago ń mì. Aago tó wà létí ìró ń mì pẹ̀lú ẹni tó ró o. Ẹ bi obìnrin náà. Ẹ ya àwòrán sórí páálí kékeré kan: omi, àlùwàlá, ṣáájì, ara yíyún, àìsàn, ọkọ ní kí n bọ́ ọ. Kó fi ìka tọ́ka sí i tí ẹ bá kí i ní ìrọ̀lẹ́. Àlàfo tí ẹ mọ ìdí rẹ̀ ti di dátà.

Iye ìgbésẹ̀ náà ń tàn yín. Obìnrin tó fi ọwọ́ di igbá mú lórí, tó rìn láti etí omi dé ọjà, aago lè má ka púpọ̀ nínú ìrìn rẹ̀. Ẹni tó jókòó ti gàrí tó ń fi igbá rò ó nínú agbada ní Ìkòròdú, aago á ní ó rin ìrìn àjò.

Oṣù Rámádáànì. Èyí le, mi ò sì rí ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ètò ìwádìí rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í gba ààwẹ̀. Ó ń mu omi lọ́sàn-án, ó lè má dìde jẹ sàárì, oorun rẹ̀ á sì yàtọ̀. Tí ẹ bá rí i pé ìlù ọkàn rẹ̀ yí padà ní ọjọ́ nǹkan oṣù, ẹ ò lè mọ̀ bóyá họ́mọ̀nù ni tàbí omi tó mu. Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ó tún máa ń san ààwẹ̀ padà ní ọjọ́ tó wù ú. Ọdọọdún ni oṣù yìí ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, nítorí náà kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá kò ní gbà yín. Ẹ kọ ọjọ́ ààwẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ má sì béèrè níwájú àwọn ará ilé, nítorí kì í ṣe gbogbo obìnrin ló fẹ́ kí ọkùnrin ilé mọ̀ pé òun ń jẹun.

Fóònù ta ni áàpù tó ń bá aago ṣiṣẹ́ wà lórí rẹ̀? Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi áàpù sórí fóònù ọkọ, nítorí tirẹ̀ nìkan ló gba áàpù náà nínú ilé. Ọjọ́ tí nǹkan oṣù ìyàwó pẹ́, fóònù ló kọ́kọ́ sọ fún ọkọ. Inú rẹ̀ dùn, ó ti ń sọ fún àwọn ẹbí. Ìyàwó ti gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí láìsọ fún un. Àwọn tó kó aago wá ti padà sí Èkó, wọ́n fi obìnrin yẹn sílẹ̀ láti máa ṣàlàyé ara rẹ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí dátà tó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Lórí òkèèrè pàápàá, ní 2021, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣòwò fẹ̀sùn kan Flo, áàpù nǹkan oṣù, pé ó fi ọ̀rọ̀ ìlera àwọn oníbàárà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Facebook àti àwọn mìíràn. Ẹ ra fóònù kékeré tiyín fún ìwádìí, ẹ fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ, ẹ pa gbogbo ìkìlọ̀ áàpù, ẹ sì lo aago tí ojú rẹ̀ kì í fi nǹkan kan hàn bí ẹ bá lè rí i.

Ẹ wo aago àkókò: Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣíwájú UTC, àkókò tí gbogbo àgbáyé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, ọ̀pọ̀ fáìlì sì wà ní UTC.

Ẹ má gba àtúnṣe sọ́fítíwíà láàárín ìwádìí. Ìṣirò oorun lè yí padà mọ́ yín lọ́wọ́.

Tó bá kan aboyún, ẹ má lo "máàkì wàhálà" tí ilé iṣẹ́ aago ṣe; ìlù ọkàn ló ń wò. Ìlù ọkàn nígbà ìsinmi máa ń fi 10 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan ga sí i nínú oyún. Ara tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni, aago á sì máa sọ fún obìnrin náà pé kó lọ sinmi.

Ní ti owó: tó bá jẹ́ aago 50 ni ẹ ní lọ́kàn, ẹ ra 30. Ẹ fi ìyókù gba obìnrin méjì láti inú ọjà náà, àwọn tí ìyálọ́jà mọ̀, kí wọ́n máa kí àwọn tó wọ aago ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n bá wọn ṣáájì rẹ̀ nígbà tí iná bá wà, kí wọ́n mú páálí àwòrán yẹn dání, kí wọ́n sì máa kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀. Ẹ san owó wọn lásìkò.