Bí a ṣe ń fi ìtàn wúrà Klondike kọ́ ọmọ iléèwé ní òjò wíwọ̀n

Igò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi wúrà bẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò kan wà létí odò Yukon láyé ìgbà yẹn, Jack McQuesten lorúkọ rẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kọjá ohun tí tẹmọ́mítà rẹ̀ lè wọ̀n, ló bá to igò mẹ́rin síta: mẹ́kúrì, kẹrosíìnì, ògidì atalẹ̀ tí wọ́n fi ọtí yọ, àti oògùn ìrora. Mẹ́kúrì ló ń kọ́kọ́ dì, tí òtútù bá ti tó bíi 39 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Arìnrìn-àjò á wo igò kó tó jáde. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ méfò èyí tó máa dì gbẹ̀yìn.

Wúrà ló kàn. Oṣù kẹjọ 1896 ni wọ́n rí i nínú odò kékeré kan tí wọ́n wá ń pè ní Bonanza, ní agbègbè Klondike ní Kánádà. Ìròyìn rẹ̀ ò dé Seattle àti San Francisco àfi ní oṣù keje 1897. Àwọn ọlọ́pàá Kánádà ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé láìgbé oúnjẹ ọdún kan dání, ẹrù ènìyàn kan sì ń lọ sí tọ́ọ̀nù kan. Àwọn tó ń wá wúrà ń rù ú díẹ̀díẹ̀ gun òkè Chilkoot nínú yìnyín. Kí wọ́n tó débẹ̀, àwọn tó ti wà nítòsí ti gba ilẹ̀ tó dáa jù. Ogún ìṣẹ́jú ti tó fún gbogbo èyí. (Ọmọ kan á béèrè bóyá a ní wúrà níbí. Ó wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.)

Kí àwọn ọmọ fọ wúrà fúnra wọn: yanrìn odò nínú abọ́ ike, omi, àti wáyà bàbà tí ẹ gé wẹ́wẹ́ kó dúró fún wúrà. Àwọn tó ń ṣe wáyà iná ilé máa ń da àjẹkù rẹ̀ nù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má ra bébà dídán, ńṣe ló ń léfòó. Kí ọmọ máa mi abọ́ yípo bí ìyá àgbà ṣe ń fomi yọ òkúta ìrẹsì Ọ̀fadà; ohun tó wúwo á lọ sísàlẹ̀.

Bí McQuesten ṣe fi igò wọn òtútù, àwa náà á fi igò wọn òjò. Igò òjò náà ò le. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ara rẹ̀ tọ́ gbọọrọ ni kí ẹ wá, kì í ṣe èyí tó ní ìbàdí. Ẹ gé orí rẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sẹ́nu ike bí àrọ. Ìdí rẹ̀ rí gbágungbàgun, nítorí náà ẹ da sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i kó tẹ́jú, kí òdo rúlà tí ẹ fi ń wọn omi bẹ̀rẹ̀ látorí sìmẹ́ńtì. Tí igi tó wà nítòsí bá ga ní mítà márùn-ún, ẹ gbé ike jìnnà sí i ní mítà mẹ́wàá. Ẹ fi wáyà dè é mọ́ òpó kúkúrú. Ewúrẹ́ kì í gbọ́ àlàyé.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń bàjẹ́. Lóṣù kìíní ọdún kan, mo ṣí ìwé kíláàsì kan. Ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa, eruku bo fèrèsé, àmọ́ ìwé ní òjò rọ̀ 5 mìlímítà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 5 lọ́jọ́rú, 5 lọ́jọ́bọ̀. Ọmọ tí iṣẹ́ kàn ní òun rò pé olùkọ́ á bínú bí òun bá kọ òdo.

Ẹ sọ ọ́ títí á fi sú wọn: òdo yàtọ̀ sí àlàfo. Òdo ni pé mo lọ, mo wò ó, kò sí omi. Àlàfo ni pé kò sẹ́ni tó lọ. Tẹ́nikẹ́ni ò bá lọ, ìlà ni kí wọ́n fà síbẹ̀. Omi tí wọ́n bá nínú ike láàárọ̀ Ajé, òjò ọjọ́ mẹ́ta ni, torí àárọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n ti wò ó gbẹ̀yìn. Kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má pín in sọ́nà mẹ́ta. Bírò ni kí wọ́n fi kọ ọ́. Pẹ́ńsù máa ń jẹ́ kó wu ènìyàn láti tún un ṣe.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ la máa ń wo ike tiwa, ọmọ méjì ni mo sì ń rán. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn bá omi dọ́gba, torí omi máa ń gun etí ike. Àárín tó rẹlẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ẹni kìíní ò gbọdọ̀ sọ tirẹ̀ kí ẹnì kejì tó kà á. Bó bá yàtọ̀, kí wọ́n tún un wò. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá kọ ọ́ tán ni wọ́n tó lè da omi nù. Ìlà kan wà nínú ìwé wa, ní oṣù kẹsàn-án, lọ́jọ́ tí òjò fọ́ bíríkì ẹnu ọ̀nà: wọ́n ti da omi nù tán kí wọ́n tó wá bírò.