Bí Búréèkì Iwájú Alùpùpù Bá Ń Rọ̀ Lọ́wọ́

Bí ọwọ́ búréèkì iwájú bá ń rọ̀ wọlé títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdìmú, afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó bá wọnú ọ́ìlì búréèkì ni yóò máa gba agbára tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ páàdì, ìyẹn ohun tó ń fún àwo irin ara táyà mú kó lè dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gun alùpùpù náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ́ìlì ń jò níbi tí páìpù ti so mọ́ kálípà, ìyẹn irin tó gbé páàdì dání lẹ́bàá táyà. Bí kò bá jò, ẹ bu ọ́ìlì tuntun sínú àgò ọ́ìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ búréèkì, irú èyí tí wọ́n kọ sára ọmọrí àgò náà, kí ẹ sì ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lára kálípà. Ẹ fún ọwọ́ búréèkì, ẹ dì í mú, ẹ tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè hó jáde, kí ẹ sì dè é padà kí ẹ tó jọ̀wọ́ ọwọ́ búréèkì, nítorí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ yóò tún fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ọ́ìlì nìkan yóò fi máa jáde, láìjẹ́ kí èyí tó wà nínú àgò gbẹ. Ọ́ìlì búréèkì máa ń bó ọ̀dà ara alùpùpù, ẹ tètè fi omi ṣan ibi tó bá kán sí.

Bí ó bá ṣì ń rọ̀, ó ṣeé ṣe kí páìpù rọ́bà ti gbó, kó máa wú nígbà tí ẹ bá fún búréèkì. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.